Wọ́n Fẹ́ Yọ Yàrá Rẹ Kúrò Nínú Iná Oòrùn

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò? O ò ní ṣàìsàn, ojú ò sì ní tì ọ́ níbi tí o wà. Àlàáfíà la wà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó tún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dùn ún, ó ṣì ń pariwo mọ́ mi.

Àwọn ẹnjiníà kan wá síbí, wọ́n ní ká jọ jókòó ṣètò bí a ṣe máa lo iná oòrùn. Wọ́n á tẹ́ pátákó dúdú sórí òrùlé, á máa gba oòrùn, wọ́n á wá kó o sínú bátìrì ńlá di alẹ́. Mo béèrè bóyá aṣọ wa á ṣì máa gbẹ tí wọ́n bá ti kó oòrùn tán, gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ṣé àwọn ló ń fọ aṣọ bàbá rẹ ni?

Wọ́n wá ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè àwọn tó ń gbé níbẹ̀ àti ohun tí kálukú fẹ́ fi iná ṣe. Mo ka ara mi, mo ka bàbá rẹ, mo ka ìwọ náà, mo ní o fẹ́ gílóòbù àti fáànù torí ooru máa ń mú ọ. Ṣé irọ́ ni? Àṣé gbogbo ìyá àdúgbò ló ṣe bẹ́ẹ̀! Ìyá Aránṣọ tiẹ̀ ka ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, ìyàwó tí òun fúnra rẹ̀ ò tíì fojú kàn rí.

Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iná ò tó. Ẹnjiníà obìnrin, ọmọ dáadáa tó ń kúnlẹ̀ kí mi, sọ pé àwọn yàrá tó ṣófo ló fẹ́ jẹ iná ilé ìgbẹ̀bí, pé ká yọ ẹni tí kì í sùn sílé. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wojú mi. O mọ̀ pé tọ́ọ̀ṣì ló fi ń gbẹ̀bí, eyín ló fi ń dì í mú, ibẹ̀ sì ni àbúrò rẹ máa bímọ sí láìpẹ́. Mo ní kí wọ́n yọ fáànù rẹ. Wọ́n ní ó ku gílóòbù. Ha! Ó dùn mí débi pé mo sunkún níwájú èrò. Mo ní ọmọ mi ò kó kúrò nílé, iṣẹ́ ló lọ ṣe. Bàbá rẹ bá dìde tòun ti orúnkún, ó ní kí wọ́n yọ ti pálọ̀, òun á máa jókòó sókùnkùn, kí wọ́n fi tìrẹ sílẹ̀.

Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá so ó, wọ́n sì fẹ́ rí ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Jọ̀ọ́, wá sùn. Da aṣọ sílẹ̀ káàkiri bí o ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n lè gbà wá gbọ́. Mo mọ̀ pé ibi tí mo ti máa ń tọrọ owó la dé yìí. Má fi ránṣẹ́. Fi wọkọ̀ wálé.

Ọ̀nà á là fún ọ, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Èmi ni,
Ìyá rẹ