Iná Tí Kì í Gbóná

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ sùn. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le. Tèmi náà le, ṣùgbọ́n ìríra kún inú mi dé ọ̀nà ọ̀fun, ìwọ nìkan ni mo sì lè rò ó fún.

Ṣé o rántí pé Ọ̀gá, olórí ẹgbẹ́ orin wa, ní gìtá mi ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìdí ìkòkò? Ohùn àtijọ́ ló ń fẹ́, ti ampilifáyà onítúùbù, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí gíláàsì inú rẹ̀ máa ń gbóná tí ohùn á fi nípọn. Ó ní bí n kò bá rí i kí a tó ká orin wa sílẹ̀, òun á wá ẹlòmíì. Iṣẹ́ tí mo fi ń tọ́ ọmọ mà nìyẹn!

O fi onítúùbù kékeré tìrẹ ránṣẹ́ sí mi, o ní kí n ṣí i dé òpin, pé ìgbà tó bá ń làágùn ni ohùn rẹ̀ máa ń dùn. Mo rẹ́rìn-ín. Kò ju àpótí bàtà lọ! Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Èmi fẹ́ lá ọbẹ̀ náà lówó pọ́ọ́kú, nínú ìkòkò ńlá. Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ohun èlò orin, ó fi ọ̀kan tó ga dé ìbàdí mi hàn mí, túùbù ń pọ́n yòò níwájú rẹ̀. Mo rà á. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ olè!

Ìyàwó mi ló tú àṣírí. Mo ti ń ta gìtá láti àárọ̀, ó ń nu eruku, ọwọ́ rẹ̀ kan túùbù náà. Ó ní, "Bàálé mi, irú iná wo ni kì í gbóná yìí?" Mo tú u. Túùbù tó ti kú ni, gílóòbù pupa kéékèèké ni wọ́n fi sábẹ́ wọn, wáyà kankan kò sì so wọ́n mọ́ ohùn. Aáyán ló kún inú rẹ̀, ìgbẹ́ wọn dúdú kirikiri. Tùẹ̀! Nígbà tí mo padà lọ bá ọkùnrin náà, ó ní, "Ṣé o sọ fún mi pé o fẹ́ kó gbóná ni?"

Ọ̀gá ti gbọ́ pé mo ra ampilifáyà ńlá, ó ní kí n gbé e wá. Mo gbé méjèèjì lọ. Mo tan iná ńlá náà lásán, mo fi tìrẹ pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo ki wáyà gìtá bọ inú tìrẹ, mo ṣí i dé òpin. Àbúrò mi, ohùn náà! Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀gá ranjú mọ́ àpótí aáyán, ó ń mi orí: "Ohùn rèé! Ẹ wo bí iná yẹn ṣe ń pọ́n!"

N kò lè gbà á mọ́ra. Mo fa wáyà àpótí ńlá náà yọ lójú gbogbo wọn, iná rẹ̀ kú, mo sì ń ta gìtá mi lọ. Mo nàka sí kékeré, mo ní, "Ọ̀gá, èyí lẹ ń gbọ́." Ó họ etí, ó fajú ro: "Tan iná yẹn padà jàre. Ohùn ti tutù." Onílù wa ní òun náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò nítìjú! Mo tàn án, nítorí àwọn ọmọ mi. Iṣẹ́ ò bọ́, ṣùgbọ́n ó ti di dandan pé kí n máa gbé ìgbẹ́ aáyán kiri gbogbo ibi tí a bá ti ń ṣeré.

Kí Ọlọ́run má fi ọ́ sábẹ́ ẹni tó ń fojú gbọ́ orin. Kí ìka rẹ má ṣe kú lórí okùn gìtá. Kí ayọ̀ má wọ́n nílé rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tí a jọ mu ọmú kan náà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: gílóòbù pupa kan ti jó nínú ńlá náà, Ọ̀gá sì ti ń ṣàròyé pé gìtá mi kò dùn mọ́. Bí o bá rí irú rẹ̀ lọ́hùn-ún, jọ̀ọ́, tètè fi ránṣẹ́.