Bàbá Kọ́kọ́rọ́ Tó Yọ Ilẹ̀kùn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí a ránṣẹ́ sí sẹ́mínárì pé bàbá wa ti sùn nínú Olúwa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀yìn pẹpẹ ìwé wò ná. Ibẹ̀ ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá wa, máa ń dúró sí jẹ́ẹ́, tí wọ́n á máa ṣọ́ ọwọ́ òǹkàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, “Ẹ má tíì sunkún o. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń dán wa wò ni.”

A bí Bàbá ní ọdún 1951. Aránṣọ ni bàbá tó bí wọn. Ìyá wọn ń kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Bàbá jáde nílé-ìwé míṣọ́nnì, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé, wọ́n sì di olùtọ́jú yàrá ìkàwé sẹ́mínárì ní ọdún 1976. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé ìyá wa níyàwó.

Ní ọdún 1979, ìwé atúmọ̀ èdè Hébérù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ dàwátì. Bàbá ni àwọn alákòóso fura sí, nítorí ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. A kò rí ìwé náà títí di òní. Bí ẹni tó mú un bá jókòó láàárín wa báyìí, ẹbí kò bi í ní nǹkan kan, àmọ́ ojú wa wà lára rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń fura sí gbogbo ayé: sí àlùfáà tí aṣọ rẹ̀ fẹ̀, sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n kó ojúlówó ìwé sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n tì í pa. Nílé, wọ́n ń yẹ báàgì wa wò. Bí ìyá wa bá ní, “Bàbá wọn, ọmọ yín mà làwọn wọ̀nyí,” Bàbá á ní, “Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.”

Ní ọdún 1994, àwọn olùbẹ̀wò wá wò ó bóyá yàrá ìkàwé náà dé ojú ìwọ̀n. Bí kò bá dé e, sẹ́mínárì kò ní lè fún ẹnikẹ́ni ní oyè mọ́. Bàbá ṣí yàrá ẹ̀yìn. Ìwé pé, kòkòrò kò débẹ̀. Olórí àwọn olùbẹ̀wò, obìnrin kan tó ń rọra sọ̀rọ̀, gbé ọ̀kan. Ewé inú rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra. Ó pe akẹ́kọ̀ọ́ kan.

“Ìgbà wo lẹ ka èyí kẹ́yìn?”

“Mà, ṣé a ní irú ẹ̀ ni?”

Obìnrin náà kò fọwọ́ sí i. Ó fún sẹ́mínárì ní ọdún kan láti tún un ṣe. Bàbá ní ó dájú pé obìnrin náà àti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti mọra tẹ́lẹ̀. Ìyá wa ní, “Bàbá wọn, ta lẹ ń tọ́jú ìwé wọ̀nyẹn dè?” Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá fi ọwọ́ ara wọn yọ ilẹ̀kùn yàrá náà kúrò lára ògiri, wọ́n ní bí ó bá wà níbẹ̀, àwọn yóò tún tì í. Nígbà tí àwọn olùbẹ̀wò padà dé, etí ìwé ti ká, omi tíì ti dà sí òmíràn lára. Ojú ti Bàbá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i.

Alàgbà ni Bàbá nínú ìjọ. Àwọn ló ń ka iye ìwé orin kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Wọ́n fẹ̀yìntì ní ọdún 2014, síbẹ̀ wọn kò yé lọ ṣọ́ òǹkàwé.

Ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje ló gbẹ̀yìn wọn. Bàbá wa, ẹ sinmi níbi tí olè kò lè wọ̀.

Ìyá wa ti to àwọn ìwé tí Bàbá fi owó ara wọn rà sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Kí olúkúlùkù mú ọ̀kan bó bá ti ń lọ. A kò ní béèrè orúkọ.