Lẹ́tà O Tó Yọ Kọjá Ìlà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Wọ́n ti já sáìnbọ́ọ̀dù ilé apòògùn lulẹ̀, wọ́n sì ti fọ́ ọ. Lẹ́tà O tó dára jù lọ tí Bàbá mi fi ọ̀dà kọ nídìí iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù wọn wà níbẹ̀. Rọ́bà pupa ni wọ́n gbé síbẹ̀ báyìí, lẹ́tà ẹ̀rọ tí kò lẹ́mìí. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá, ó ku ti onígbàjámọ̀ nìkan. Inú mi bàjẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Abẹ-Kú – orúkọ tí Bàbá sọ onígbàjámọ̀ nìyẹn – ní òun náà máa pààrọ̀ tòun lópin ọ̀sẹ̀. Kí n wá ṣe ohun tí mo bá fẹ́. Mo gun àkàbà, mo lẹ bébà fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, mo fi pẹ́ńsùlù tọ etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti dà á kọ. Ikùn lẹ́tà a rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ẹsẹ̀ R nà síwájú, ó fẹ́ lọ sóde. Ẹwà wo ló tún jùyẹn lọ? Mo sunkún lórí àkàbà. Abẹ-Kú ń pọ́n abẹ, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ọlọ́run á bù kún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Lẹ́tà tí kò sí lára sáìnbọ́ọ̀dù ni mò ń fọwọ́ ara mi yà, bí Bàbá ìbá ṣe yà á. Mo fẹ́ kó pé láti A títí dé òpin, kí Bàbá fojú rí i kí wọ́n tó gbàgbé pé àwọn ló ni ín. Àìsàn ìgbàgbé yẹn ń yára jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe èmi ọmọ wọn obìnrin báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Lẹ́tà O ò gbọ́ràn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ẹ̀gbọ́n mi wá. Bébà kún gbogbo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣé lẹ́tà ló máa wò wọ́n sàn?" Kì í ṣe ìkà ló fi sọ ọ́. Sáìnbọ́ọ̀dù Abẹ-Kú náà ti lọ. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá níta mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Òmùgọ̀ ni mí. Rúlà ni mo fi wọn O, mo ní kó bá àwọn yòókù dọ́gba, ìyẹn ló ṣe dà bíi pé ó kéré. "Rúlà ò lójú" – Bàbá máa ń wí i. Kí ohun tó bá rí roboto yọ díẹ̀ kọjá ìlà, lókè àti nísàlẹ̀; ojú á wá rí i bíi pé ó dọ́gba. Ká sì dorí ẹ̀ kodò ká tó yìn ín, torí ẹni tó bá ń kà á kì í rí bí wọ́n ṣe yà á. Mo jẹ́ kó yọ. Mo dorí ẹ̀ kodò. Háà. Ó dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí yàrá Bàbá. Wọ́n mú R – tiwọn gan-an, ti ara sáìnbọ́ọ̀dù – wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló kọ ìyẹn. Wọ́n wá mú O mi. Wọ́n dorí ẹ̀ kodò fúnra wọn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn. Mo fẹ́ẹ̀ kígbe. Wọ́n fi ìka tọ funfun inú ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo kọ eléyìí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ká a, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ de ọmọ mi obìnrin. Ó fẹ́ràn lẹ́tà. Ó ti pẹ́ tí kò wá síbí."

Mo ní màá fún un.