Omi Tí Màámi Kọ̀

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi, ẹ kú àìsùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́ àti gbogbo ará ilé ní Òkè-Sọ́pẹ̀n. Bàámi, tíṣà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa bírò pupa sí lẹ́tà yìí.

Òjò ò dá níbí láti ìjẹta. Mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ àfi ẹ̀rọ. Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Hóró irúgbìn kan la máa ń rẹ sómi títí omi náà á fi máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. A ó wá fi ẹ̀rọ darí rẹ̀ kọjá lójú asẹ́ kan tí ojú lásán ò lè rí ihò rẹ̀. Omi á jò lọ, èyí tó ń yọ̀ á ṣẹ́kù, á máa ki sí i. Bí èèyàn bá kánjú tó fi agbára tì í, ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ asẹ́, á dí i pa. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn lọ́sẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màámi. Odidi àgbá kan bàjẹ́. Ọ̀gá mi bú mi títí, mi ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ.

Tí a bá gbẹ ẹ́ tán, ó di ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kí omi má baà sáré gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sọ lórí fóònù pé Màámi ń gbé ìkọ́kọrẹ́ mì, àmọ́ omi lásán ń pá wọn lórí, dókítà sì ní kí ẹ máa po omi wọn kó ki. Ìdí tí mo fi ra díẹ̀ ránṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá ní Màámi kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò bí ìyẹ̀fun, ọmọ làwọn bí. Kí n gbé ara mi wá. Háà, Màámi! Ó dùn mí dé eegun. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Bí mo bá kúrò, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, iṣẹ́ tí a fi ń ra oògùn wọn á sì lọ. Mi ò lè wá, Bàámi. Mo ti sọ ọ́.

Ẹ da ìyẹ̀fun náà sínú ike mìíràn, kí ẹ ní ọsibítù ló fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ kì í purọ́. Ẹ bá mi pa ẹyọ kan yìí. Kí wọ́n máa bínú sí mi, kí wọ́n ṣáà mu omi.

Olúwa á dá wọn sí, á fún yín lókun. Ẹ kí Ẹ̀gbọ́n, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí gbogbo àdúgbò. Ẹ má bá mi kí Màámi, kí wọ́n má baà fura.

Èmi ni ọmọ yín,
Bísí