Píkọ́ọ̀pù Mẹ́ta àti Ìjókòó Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Mẹkáníìkì bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lónìí. Ó yọ jáde lábẹ́ Olóògbé — àwàdà ni mo fi sọ ọkọ̀ yìí lórúkọ, kò tíì kú nígbà náà — ó nu ọwọ́, ó ní òun ò ní í gba owó mi mọ́. Irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ dúró ti sán. Tí mo bá tún di ilẹ̀kùn mẹ́wàá lé e, ó lè dá sí méjì lójú títì. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ó sìn wá.

Ó di dandan kí n ra tuntun. Píkọ́ọ̀pù ńlá, èyí tó lè gbé ilẹ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méje láìyọ síta. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń tu owó yìí jọ, mi ò sì rò pé mo tún lè ra òmíràn láyé mi. Nítorí náà mi ò gbọdọ̀ ṣì í rà. Ilé ìwé tuntun kan ti ní kí n ṣe ogójì ilẹ̀kùn fún àwọn.

Bàbá mi gbọ́. Wọ́n lọ jókòó sí iwájú Olóògbé, sí àyè wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, ibẹ̀ ni ayé wọn wà. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà. Èmi ni mò ń gbé e ṣe báyìí, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni a jọ ń jáde, tí ilẹ̀kùn bá sì wọ́ níbi iṣẹ́, ojú wọn ló ń kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ tí wọn ò bá bá mi jáde, wọn kì í jẹun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Ọkọ mi ti fa ìlà sórí ìwé. Mo fẹ́ tíṣà ìṣirò, kí ni mo tún ń retí?

Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo sọ wọ́n lórúkọ kí n má baà máa ka nọ́ńbà: Alágbára, Ọmọge, Jẹ́jẹ́. Alágbára ga, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, òun ló ń gbẹ́rù jù. Ọmọge ní tẹlifíṣọ̀n níwájú àti àga aláwọ, òun ló wọ́n jù. Owó Jẹ́jẹ́ ló kéré jù, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó rẹlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sì tó tàwọn yòókù.

Tíṣà ní iye tí wọ́n pe ọkọ̀ kọ́ ni iye tó jẹ́. Epo tó ń mu ńkọ́? Ọdún tí àwọn tó ṣe é fi máa dúró tì í? Ṣé ohun èlò rẹ̀ wọ́pọ̀? Tí a bá fẹ́ tà á lọ́la, ta ló máa rà á? Gbogbo rẹ̀ ló ní ìlà tirẹ̀. Ó fún kálukú ní máàkì. Alágbára gba mọ́kànlélọ́gọ́rin. Jẹ́jẹ́ gba méjìdínláàádọ́ta, Tíṣà ní kó lọ tún kíláàsì ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

A lọ wo Alágbára. Káfíńtà kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, nítorí náà a di ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sẹ́yìn Olóògbé, a wà á lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ — Onítáì ni mo pè é — ń wò wá bíi pé à ń kó ilé bọ̀ wá bá òun.

Mo tẹ́ ilẹ̀kùn sẹ́yìn Alágbára. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́, àyè tún ṣẹ́kù. Mo wọ̀n ọ́n: gígùn, fífẹ̀, jíjìn. Bàbá ní kí n tún un wọ̀n. Mo tún un wọ̀n. Tíṣà ní kí òun náà rí i. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Inú mi dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín sí táyà.

Bàbá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn iwájú. Wọ́n fọwọ́ lé e. Wọn ò wọlé. Wọ́n ní ọ̀dà rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Ọ̀dà. Ọkọ̀ tí a fẹ́ fi kó pákó.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Wọ́n tún dá ọ̀rọ̀ ọ̀dà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Ọmọge. Ọ̀dọ̀ Onítáì náà ló wà. Ó ṣílẹ̀kùn fún Bàbá, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ gòkè, Bàbá, ẹ wá jayé." Bàbá ní ayé tí àwọn ti jẹ ti tó. Wọ́n ní àga aláwọ máa ń jó èèyàn nídìí tí oòrùn bá mú. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn wọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìdajì owó yẹn, ẹwà ni mò ń fi rà. Kí ni pákó fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ṣe? Mo fagi lé e.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Bàbá ní kí ni Olóògbé ṣe tí a fi fẹ́ sin ín láàyè.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Ẹnu mi ò ní ìjánu. Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n ra nǹkan tuntun ni? Àléébù wo lẹ tún fẹ́ wá?" Mo tún ní ó jọ pé inú wọn ò dùn pé ọwọ́ mi tó o. Èmi, tí wọ́n fi ayùn lé lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé iṣẹ́ káfíńtà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọbìnrin.

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ rẹ ni, ọmọ mi. Ra èyí tó bá wù ọ́." Wọ́n wọlé lọ.

Ojú tì mí. Ó yẹ kí n tẹ̀lé wọn lọ bẹ̀ wọ́n. Mi ò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

A lọ wo Jẹ́jẹ́, kí ìwé Tíṣà lè pé. Obìnrin kan ló ń tà á, onísùúrù èèyàn. Ilẹ̀kùn yọ síta lẹ́yìn rẹ̀ bí ahọ́n ajá, ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ń yọ ilẹ̀kùn kúrò kí a máa lọ sílé.

Mo wo iwájú, Bàbá ti wà nínú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí wọ́n wọlé. Wọ́n ti fa ìjókòó sẹ́yìn, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Èyí dáa. Èyí dáa gan-an."

Ẹni tó bá ọ̀dà jà. Káfíńtà àádọ́ta ọdún ń yin ọkọ̀ tí ò gba ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, mo bá rọra ń ṣọ́ wọn.

Wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé orúnkún ọ̀tún wọn, bí ẹni ń gbé pákó, wọ́n gbé e síta, wọ́n wá tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n wò yíká bóyá ẹnì kan rí wọn. Mo yára bẹ̀rẹ̀, mò ń wo táyà.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Mo mú téèpù, mo padà sọ́dọ̀ Onítáì, èmi nìkan. Láti ilẹ̀ dé ìjókòó. Ti Alágbára ga ju ìbàdí mi lọ, Bàbá ò sì ga tó mi mọ́. Ti Ọmọge ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo yà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn, mo wọn Jẹ́jẹ́: itan.

Mo délé, mo wọn Olóògbé. Ó rẹlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Àwọn irin tó ń gbé e sókè ti rọ̀ tipẹ́. Ọdọọdún ni ọkọ̀ ń wálẹ̀, ọdọọdún ni ẹsẹ̀ Bàbá ń le, wọ́n jọ ń lọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kankan ò fura.

Káfíńtà méjì àti tíṣà ìṣirò kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wọn ẹ̀yìn ọkọ̀. Ibi tí èèyàn ń gbà wọlé, a ò wọ̀n ọ́n. Èmi tí mo ń ṣe ilẹ̀kùn jẹun.

Mo gbàgbé láti kọ ọ́: mo jókòó sílẹ̀ níwájú ilé ìtajà Onítáì, mo sunkún. Ó gbé omi wá fún mi. Ó rò pé iye owó ọkọ̀ ni, ó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Mo sọ fún Tíṣà. Ó mú ìwé rẹ̀ wá, ó fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ó kọ "Bàbá" síbẹ̀. Kò fún un ní máàkì.

Ó ní wọ́n lè so àtẹ̀gùn mọ́ Alágbára lára. Mo ti béèrè. Àtẹ̀gùn á gbé Bàbá dé ìdajì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa gbé wọn dé ìyókù, ẹsẹ̀ yẹn ò sì gbé nǹkan mọ́.

Mo ti pinnu. Jẹ́jẹ́ ni. Ilẹ̀kùn á máa yọ síta, màá máa so aṣọ pupa mọ́ ọn. Màá máa lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan. Tíṣà ní ìṣirò òun ò gbà á, ṣùgbọ́n òun gbà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Mo sọ ọ́ fún Bàbá bí ẹni pé kò ní ìdí kankan. Mo ní owó Jẹ́jẹ́ ló kéré jù. Wọ́n bi mí bóyá ilẹ̀kùn wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní a ó máa fi okùn dì í. Wọ́n gbé ife wọn sílẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ níjọ́sí.

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tuntun, ọdún mélòó ló ń lò?"

Mo ní bí ogún, téèyàn bá tọ́jú rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?"

Ta ló máa dáhùn ìyẹn.

Wọ́n ní ọkọ̀ iṣẹ́ ni mo fẹ́ rà, kì í ṣe àga arúgbó. Àwọn ò kọ́ mi níṣẹ́ kí n wá ra ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ò wọ̀. Tí mo bá ra Jẹ́jẹ́, àwọn ò ní í fẹsẹ̀ kàn án láéláé. Mo bá sọ èyí tí ò yẹ kí n sọ. Mo ní kí n ra Alágbára nígbà náà, kí n máa gbé wọn gòkè láràárọ̀.

Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Wọ́n ní, "Mi ò tíì di òkété tó ń mu ọmú ọmọ ẹ̀." Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn fúnra wọn ló ṣe ilẹ̀kùn yẹn, kì í dún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta

Jẹ́jẹ́: wọn ò ní í wọ̀ ọ́. Alágbára: wọn ò lè wọ̀ ọ́. Èyí tó wù kí n rà, ìjókòó yẹn á ṣófo.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

A ra Alágbára. Mo ní kí wọ́n so àtẹ̀gùn mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta

Bàbá jáde wá wò ó. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fọwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n gbàdúrà fún mi dáadáa. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Wọ́n ní àwọn á dúró sílé, kí àwọn to pákó.

Ogún ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alágbára ò tilẹ̀ mí gúlegúle. Gbogbo máàkì tí Tíṣà fún un ló tọ́ sí i. Mo gbé báàgì mi sórí ìjókòó kejì. Mo tún gbé e kúrò níbẹ̀, mo gbé e sẹ́sẹ̀ mi.

Mo so ilẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ń wọ́lẹ̀. Mo yíjú láti bi Bàbá léèrè, ògiri ni mo rí.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹta

Mo délé ní aago mẹ́rin. Aṣọ tí Bàbá fi sùn ló ṣì wà lọ́rùn wọn. Oúnjẹ wà bí mo ṣe bò ó. Pákó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tò, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo fẹ́ parọ́, mi ò lè parọ́. Mo ní ẹ̀kẹta ṣì ń wọ́lẹ̀, mo ti fá a nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tó ti ń wá. Wọ́n bi mí ní ẹ̀gbẹ́ wo. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀.

Mi ò jẹun lónìí, èmi náà.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹta

Mo ti ṣáná sí ọkọ̀, mò ń dúró kí Tíṣà ṣí géètì, ni mo rí Bàbá nínú dígí. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́. Wọ́n rìn gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá, wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fúnra wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde.

Wọ́n ń wo ìjókòó yẹn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì lé àtẹ̀gùn, wọ́n gbé e kúrò. Tíṣà tó wà nídìí géètì bẹ̀rẹ̀, ó ń di okùn bàtà tó ti dì tẹ́lẹ̀.

Bàbá ò wojú mi. Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn kẹta yẹn, òkè ló ti ń wọ́, kì í ṣe ìsàlẹ̀. O ò lè rí i tó bá jẹ́ ìwọ nìkan."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n wá gbé apá wọn méjèèjì sókè díẹ̀. Wọ́n ní, "Gbé mi."

Mo fi ọwọ́ kan sẹ́yìn wọn, mo fi ọ̀kan sábẹ́ orúnkún, mo gbé wọn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹrù wúwo, àfi bí ìgbà tí mo gbé férémù ilẹ̀kùn lásán. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gba ẹ̀yìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, mo dúró níbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ. Lẹ́yìn náà a gbéra lọ síbi iṣẹ́.