Bá Mi Bi Àwọn Òkú Ilé Olódi Léèrè

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn dáadáa? Ẹni tó dá ọ kò ní fi ọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìbáà ṣe ẹni tó wà láàyè tàbí èyí tí kò sí láàyè mọ́. Wàá rí ìdí tí mo fi fi ti ìkejì yẹn kún àdúrà náà. Pẹ́ńsùlù tí mo fi ń sàmì sára pákó ni mo fi ń kọ̀wé yìí, bó bá nípọn jù, má bínú. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń dún kọ́kọ́kọ́. Àbúrò mi aránṣọ ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ilé ìwé pe gbogbo wa sí kíláàsì ńlá, ó ní fíìmù tí o wà nínú rẹ̀ ti dé. Ó fi aṣọ dúdú dí fèrèsé lọ́sàn-án gangan, ó gbé ẹ̀rọ kan lé tábìlì, iná jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó lọ bá ògiri, ògiri sì di ilé olódi. Òkúta ni látòkè délẹ̀! Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe káfíńtà, n kò rí irú ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ rí, ẹnu mi ò lè pa dé. Kí n tó mọ̀, ìwọ ni mo rí nínú ilé ìdáná wọn, tí o ń se ọbẹ̀ fún àwọn òkú.

O ò sọ fún mi rárá pé ọ̀dọ̀ àwọn òkú lo ti ríṣẹ́. O kàn ní fíìmù lò ń ṣe, èmi sì rò pé fọ́tò ni. Bàbá òkú kan gba inú ògiri wọlé tọ̀ ọ́, bó ṣe ní kóun kí ọ báyìí, orí rẹ̀ já bọ́ sínú ìkòkò. O fi ìgbakọ yọ ọ́, o fi aṣọ nù ún, o wá ní bó bá tún fẹ́ kí èèyàn, kó máa di ọrùn mú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo ṣí fìlà, torí orí ì báà wà lọ́rùn tàbí kó wà nínú ọbẹ̀, àgbà ni àgbà ń jẹ́. Onígbàjámọ̀ tó jókòó sẹ́yìn mi ní kí n jókòó, pé òun ò ríran. Kí n má purọ́ fún ọ, bàbá náà mi orí sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ lorí ọ̀hún ṣì wà. Ẹ̀rù wọn ò sì bà ọ́, ìwọ tó ń sá fún aláǹgbá!

Nígbà tó parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lára ògiri, funfun lórí dúdú. Mo rí tìrẹ, mo kígbe, torí mo rò pé orúkọ àwọn tó ti kú ni. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n fọkàn balẹ̀, pé orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fíìmù náà ni. Mo ní ṣé gbogbo wọn pátá? Ó ní pátápátá. Ni mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a padà, kí n wá orúkọ ìyá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a padà. Mò ń fi ìka tọ orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan lára ògiri. Kò sí níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ nínú kíláàsì, n kò mọ ohun tó ṣe wọ́n.

Ọ̀gá ilé ìwé ní eré lásán ni, kò sí òkú kankan níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa pósí. Gbogbo pósí tó wà lábẹ́ ilé yẹn, wọ́n kàn gbé ìdérí lé wọn ni, kò sí ìṣó kankan, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń jáde bó ṣe wù wọ́n. Ti ìyá rẹ ńkọ́? Èmi ni mo kàn án. Pákó tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù ni mo mú, mo sì gbá ìṣó gígùn mẹ́rìnlá mọ́ ìdérí, torí n kò fẹ́ kí òjò wọlé tọ̀ ọ́. Ó pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń retí rẹ̀, ó kéré tán lójú àlá, kò yọjú. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Mo rò pé inú ló ń bí i sí mi, àṣé èmi ni mo tì í mọ́lé. Láti ọjọ́ yẹn, n kò lè gbá ìṣó mọ́. Àga tí àwọn oníbàárà ní kí n kàn wà nílẹ̀ láìlẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, bí bàbá yẹn bá ti jẹun yó, bá mi bi í léèrè bóyá ìṣó lè dá òkú dúró. Mo rí i pé wọ́n ń gba inú òkúta kọjá, ṣùgbọ́n òkúta kò ní ìṣó nínú. Bó bá ní kì í dá wọn dúró, kó bá mi wá ìyá rẹ. Kò ṣòroó mọ̀: obìnrin kúkúrú ni, yóò ti máa gbá òwú aláǹtakùn ilé yẹn kó tó kí ẹnikẹ́ni.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n lè wá. Má fi gba inú fóònù o. Mo ti ṣí ẹ̀yìn fóònù tí o rà fún mi wò, kò sí àyè tí owó lè gbà níbẹ̀. Màá gbé irinṣẹ́ mi dání, torí gbogbo ilẹ̀kùn ilé yẹn ló ń ké, epo díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn òkú, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n rí ìyá rẹ.

Wàá pẹ́ láyé, ọmọ mi. Wàá máa ṣiṣẹ́ láàárín òkú, wọn ò ní kà ọ́ mọ́ wọn. Orúkọ rẹ á máa gòkè, kò ní já bọ́.

Bí o bá sì rí ìyá rẹ kí n tó dé, sọ fún un pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ tì í mọ́lé. Iṣẹ́ tó dáa jù lọ́wọ́ mi ni mo ṣe fún un. Ká ní mo mọ̀ pé wọ́n lè padà wá ni, ǹ bá kan pósí rẹ̀ ní ìkànkukàn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.