Ta Ló Gbé Ta Pọ̀n?

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá. Ojú ọjọ́ ṣú láti àárọ̀, ṣùgbọ́n òjò kò tíì rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. A ti pààrọ̀ páànù tó ń jò. Orúnkún màmá ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ti ṣú pátápátá. Ohùn ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀.

Ère kan ló mú mi kọ̀wé. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìrántí bí orílẹ̀-èdè wa àti èyí tí ẹ ń gbé ṣe jọ jagun sọ pé ìtàn bàbá wa ni àwọn gbẹ́: bí bàbá ṣe gbé ọmọ ogun ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún tó fara gbọgbẹ́ pọ̀n la odò já, lẹ́sẹ̀ lásán. Wọ́n ní kí màmá wá ṣí aṣọ lójú ère náà ní Sátidé. Màmá rẹ́rìn-ín sí akọ̀wé wọn: “Afọ́jú lẹ ní kó wá ṣí aṣọ. Kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀?”

Ó ní, “Màmá, okùn lásán lẹ ó fà.”

Ara fu mí. Nínú gbogbo opó ọmọ ogun, kí ló dé tó jẹ́ ẹni tí kò ríran? Lánàá, iṣẹ́ gbé mi lọ yẹ kọnkéré ìdí ère náà wò, mo sì ká aṣọ sókè. Ọmọ ogun tiwọn, tòun ti bàtà, ló gbé tiwa pọ̀n.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá pe màmá, ẹ má mẹ́nu bà á. Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ fún wa, kí a fojú kan ara wa láyọ̀. Mo ti pinnu: bí màmá bá ti fa okùn tán, níwájú gbogbo àlejò, n ó gbé ọwọ́ wọn lé ẹsẹ̀ ère tó dúró nínú odò, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kan bàtà.

Àbúrò yín.